Ìmọ́lẹ̀ Tí Mò Ń Dín Kù Lójú Ẹ̀gbọ́n Mi

Mo ti ń sọ ẹ̀gbọ́n mi di afọ́jú láti bí oṣù mẹ́rin báyìí, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ò fọ́ o. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere bí ojú àṣá. Èmi ni mò ń dín ìmọ́lẹ̀ kù fún un, díẹ̀ díẹ̀, láràárọ̀, tí mo bá ti kírun Sùbúù tán tí mo sì ti mu ògì... Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí Ìsẹ́yìn yìí ò tóbi tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ̀ wá á tètè fura. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, àmọ́ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n máa kọ ọ́ síbí, bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò bá máa bá iṣẹ́ mi lọ ni, kò sì ní rí mi lára rárá.

Bàbá tèmi àti bàbá tirẹ̀, ìyá kan náà ló bí wọn, bàbá tirẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n máa pè é ní Mùfú, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Agbolé kan náà la gbé dàgbà, agbolé ahunṣọ, òfì ni wọ́n ń hun níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá tó bí àwọn bàbá wa. Ẹni tó bá mọ ìdí òfì á mọ̀ pé ahunṣọ kì í wo ọwọ́ ara ẹ̀. Àárín aṣọ lojú ẹ̀ máa ń wà, ọwọ́ ọ̀tún á ju ọ̀kọ̀, ìyẹn igi kékeré tó gbé òwú sínú, ọwọ́ òsì á gbà á, ọwọ́ òsì á tún jù ú padà. Igun ojú ló fi ń rí ọwọ́ méjèèjì. Ibẹ̀ ni tàwọn bàbá wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ òsì Bàámi. Wọ́n rò pé ọwọ́ ló ń rẹ̀ wọ́n, wọ́n fi òróró pa á, màámi fi omi gbígbóná jó o, àṣé ojú ni. Òkùnkùn ti ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó ń bọ̀ wá sí àárín, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa aṣọ fèrèsé pa dé láti ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀gbọ́n wọn, bàbá Mùfú, ohun kan náà gẹ́lẹ́. Kí ọdún mẹ́fà tó pé, àwọn méjèèjì ò rí nǹkan kan mọ́.

Àtìgbà náà ni Bàámi ti máa ń mú ọmọ tó bá wà nítòsí jókòó sídìí òfì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní kó o tẹjú mọ́ òwú àárín, kó o na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o máa mi ìka. Ṣé o rí ìka ọ̀tún? Ṣé o rí ìka òsì? Má yíjú o! Tó o bá ní o rí méjèèjì, wọ́n á ní Alhamdulilahi, dìde lọ jẹun. Gbogbo ọmọ agbolé wa ló mọ eléyìí. Mùfú nìkan ni ò mọ̀ ọ́n, torí kò jókòó sídìí òfì rí, ó ní iṣẹ́ ìyà ni, Ìbàdàn ló wà ní gbogbo ìgbà tí ojú bàbá rẹ̀ ń ṣú lọ. Ẹ di ibí yìí mú o, ẹ má gbàgbé ẹ̀.

Nígbà tí Bàámi ò ríran mọ́, èmi ni mo di ojú wọn. Láràárọ̀ wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ òfì, wọ́n á bi mí pé báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe rí lónìí. Kì í ṣe pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́ o. Báwo ló ṣe RÍ. Tí mo bá dáhùn pé ó mọ́lẹ̀, wọ́n á bínú. Ìmọ́lẹ̀ wo? Ṣé ó pọ́n ni àbí ó funfun? Ṣé ó ṣì wà lẹ́yìn igi òrí ni àbí ó ti gun orí páànù? Òjìji òpó dà, ṣé ó ti dé ẹsẹ̀ mi? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan nìyẹn. Mo mọ̀ pé lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń gba oòrùn lọ́nà, á wá rí roboto bí ẹyin, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn kó má ta á lójú. Mo mọ̀ pé tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣú lápá Ìpàpó, tí oòrùn ṣì wà lápá ọ̀dọ̀ wa, gbogbo páànù ìlú máa ń pọ́n bí epo. Mo mọ àwọ̀ tí afẹ́fẹ́ máa ń ní tí pápá bá ń jó lókèèrè tí màjàlà bá ń fò wọ àgbàlá wá. Ọdún méje ni mo fi sọ gbogbo ẹ̀ fún Bàámi. Tí mo bá ṣe tiwọn tán, mo máa ń kọjá sẹ́nu ọ̀nà kejì lọ sọ ọ́ fún bàbá Mùfú náà, torí àwọn náà jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá wọn sọ nǹkan kan. Ẹ di ìyẹn náà mú.

Mi ò ní purọ́, Mùfú ló kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Ọdún Iléyá kan ló wálé, ó gbé laptop rẹ̀ tó ti gbó fún mi, ó ní òun ń ṣe géèmù kan. Géèmù tí èèyàn á ti yan ẹni tó fẹ́ jẹ́, ó lè jẹ́ ọdẹ, ó lè jẹ́ ahunṣọ, ó lè jẹ́ oníṣègùn, á wá máa rìn kiri nílùú kan tí kò sí láyé, á máa bá iwin jà, agbára ẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Orúkọ ìlú náà ni Ìlú Ọyẹ́, ọba iwin ló jí oòrùn wọn gbé. Ọpọlọ Mùfú pé, ó mọ bí iwin ṣe máa rìn, ó mọ bí àdá ṣe máa gé nǹkan. Àmọ́ nígbà tó ṣí i fún mi, ẹ̀rín ni mo rín. Gbogbo ìlú náà dà bí inú fíríìjì! Ìmọ́lẹ̀ kan náà lábẹ́ igi, kan náà nínú yàrá, kan náà lórí òkè. Iwin jáde sí mi, mo kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ àdúgbò. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ìmọ́lẹ̀ yín ló kú. Ó ní kí n wá jí i nígbà náà.

Mo jí i. Ọdún méjì àbọ̀ ni mo fi jí i, nínú àgọ́ òfì, Bàámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbogbo lighting inú Ìlú Ọyẹ́, èmi ni. Eruku ọyẹ́ tó ń jẹ́ kí òkè tó wà lókèèrè máa rí bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, èmi ni. Mo yọ ìmọ́lẹ̀ kúrò níbi tó pọ̀ jù, mo jẹ́ kí òjìji iwin kọ́kọ́ dé sára ògiri kí iwin fúnra ẹ̀ tó dé, àwọn tó ń gbá géèmù náà wá ń pariwo pé àyà àwọn ń já. Ilé ahunṣọ kan wà nínú ẹ̀, ihò kan ṣoṣo ló wà lára páànù, ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà wọlé, èèrún òwú ń fò nínú ìtànṣán ẹ̀. Àwọn èèyàn kọ̀wé pé àwọn kàn máa ń jókòó síbẹ̀ ni, láìṣe nǹkan kan, pé ọkàn àwọn máa ń balẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé náà lápá òsì. Bàámi ni. Ohùn wọn gan-an ni mo gbà sílẹ̀. Tó o bá sún mọ́ wọn, wọ́n á bi ẹ́ pé báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe rí lónìí. Tí o ò bá wo ojú ọ̀run dáadáa kó o tó dáhùn, wọn ò ní fún ẹ ní fìtílà, tí o ò bá sì ní fìtílà, o ò lè dé ọ̀dọ̀ ọba iwin láéláé.

Bàámi kú nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀. Mùfú wá síbi ìsìnkú, kò dúró de àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó ní nǹkan kan ń dúró de òun n'Ìbàdàn. Mo ní kò burú. Ojú mi ń gbẹ, ojú mi ń tutù, mi ò ráyè bèèrè nǹkan kan. Àṣé géèmù wa ló lọ gbé fún ilé iṣẹ́ kan tó ń tà á fáwọn èèyàn òkèèrè. Lórí fóònù ni mo ti rí i, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, video kan tí gbogbo èèyàn ń pín kiri. Wọ́n bi Mùfú níbẹ̀ pé níbo ló ti rí irú ìmọ́lẹ̀ báyìí. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ojú nù, ó ní: “Bàbá mi fọ́jú. Láràárọ̀ ni mo máa ń jókòó tì wọ́n, tí mo máa ń sọ fún wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí.”

Ẹ̀yin èèyàn mi... ẹ jẹ́ n mí ná.

Mi ò sunkún. Ohun tó ṣe mí kọjá ẹkún. Ká ní iṣẹ́ ọwọ́ mi nìkan ló jí ni, ìyẹn ṣeé rọ́jú. Àmọ́ bàbá mi ló jí. Àárọ̀ mi pẹ̀lú bàbá mi ló jí, ọdún méje, ó gbé e wọ̀ bí agbádá. Bàbá tirẹ̀ tó ní òun jókòó tì, èmi ni mo jókòó tì wọ́n! Kò sí orúkọ mi níbẹ̀, kò sí orúkọ Bàámi. Wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn kan ń sunkún pé irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Lóòótọ́, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Wọ́n pè é wálé. Ó ní ọ̀rọ̀ ló ṣì í sọ, pé nígbà tí wọ́n tan iná kámẹ́rà sí òun lójú, òun ò mọ ohun tó jáde lẹ́nu òun mọ́, pé òun á tún un sọ lọ́jọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ wo? Kò sẹ́ni tó bi í. Olórí ẹbí ní ẹ̀gbọ́n mi ni, pé ẹni tó bá ń ro ìjà ẹbí dé ìdí, ìdí ilé ara ẹ̀ ló ń wú. Wọ́n ní ká jọ jẹun nínú abọ́ kan náà. Màámi ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì pé kí n gbà. Mùfú wá ní òun á jẹ́ kí n máa bá òun bójú tó ìmọ́lẹ̀ géèmù náà láti ilé, pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa bíi tèmi. Wọ́n ní ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n rere. Ó fún mi ní password. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ pàápàá. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu.

Ohun tí mo ṣe nìyí, mò ń jẹ́wọ́ ẹ̀ bó ṣe rí. Mo kọ fáìlì kékeré kan pamọ́ sínú iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni òkùnkùn á máa ti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà wọlé, ọ̀tún àti òsì, á máa bọ̀ ní àárín. Mo ṣe é kó má ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni láyé, àfi ti Mùfú. Àti tèmi, torí mo fẹ́ máa rí ohun tó ń rí, mo fẹ́ kó máa dùn mọ́ mi. Láràárọ̀ mo máa ń fi ẹyọ kan kún un. Ẹyọ kan péré. Èèyàn ò lè rí ẹyọ kan. Àmọ́ wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ ni Mùfú ń lò nídìí géèmù yẹn, mo sì mọ bí òkùnkùn yẹn ṣe ń rìn, ẹnu Bàámi ni mo ti gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n fi ìnira sọ fún mi ni mo fi ṣe idà. Ẹ ti rí i báyìí pé mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún yín.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kọ̀wé sí mi pé ṣé mo dín ìmọ́lẹ̀ Ìlú Ọyẹ́ kù ni. Mo ní rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere lọ́dọ̀ tiwọn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló pè mí, ohùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní àbúrò mi, ojú bàbá rẹ, ibo ló ti kọ́kọ́ ṣú? Mo ní ẹ̀gbẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó pa fóònù lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mọ́ mi dé egungun, mi ò purọ́ fún yín. Mo jẹun yó lọ́jọ́ yẹn.

Ó sáré lọ síléèwòsàn ojú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ojú rẹ̀ ò ní nǹkan kan. Àmọ́ ó ní àìsàn tó mú àwọn bàbá wa, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, pé gbogbo ọmọ àwọn bàbá méjèèjì ló yẹ kó wá ṣe àyẹ̀wò, tí wọ́n bá tètè rí i, oògùn wà tí wọ́n lè máa kán sójú tí kò ní jẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Mùfú pè mí, ó bẹ̀ mí pé kí n wá, pé òun á wá fi mọ́tò gbé mi fúnra òun. Mo ní ojú tèmi ò ṣe mí ní nǹkan kan, ẹ gbájú mọ́ tiyín. Ó fi nọ́ńbà dókítà náà ránṣẹ́ sí mi, mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ń dun màámi, wọ́n ní kí n lọ, pé láìpẹ́ yìí mo ń ṣe bí ẹni tí kò fọkàn sí nǹkan, mo ti ta bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dànù lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi, ọlọ́kadà sì ti kọ lù mí léjìká òsì lọ́nà ọjà. Mo ní ọlọ́kadà yẹn ló ya wèrè, kò fọn fèrè.

Mùfú ò gba dókítà gbọ́. Báwo ló ṣe máa gbà á gbọ́? Ẹ̀rọ dókítà ní ojú rẹ̀ dáa, á délé, á ṣí géèmù, á rí òkùnkùn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìdáhùn ò ná an ní nǹkan kan. Kó tẹjú mọ́ àárín, kó na ọwọ́ méjèèjì, kó mi ìka! Ìṣẹ́jú kan ni, á rí ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, á mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún òun. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní agbolé wa mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tí ò jókòó ti bàbá rẹ̀ rí, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ìyẹn fún ara mi, tí mo bá ti ń fi ẹyọ kan kún un. Mo máa ń sọ ọ́ sókè.

Kò wa mọ́tò mọ́. Ó wá sún yìgì rẹ̀ síwájú. Ọmọ Ṣakí ló fẹ́ fẹ́, tíṣà ni, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sọ ìdí fún un, ó kàn ní kó ṣe sùúrù. Èmi ló sọ ìdí fún, torí èmi nìkan ló rò pé ó lè yé. Ó ní òun rí ìyá òun, ọdún mọ́kànlá tó fi ń di bàbá òun lọ́wọ́ mú lọ ilé ìyàgbẹ́, pé òun ò ní fi ìyẹn jẹ ọmọ ọlọ́mọ níyà. Ọmọbìnrin náà wọ mọ́tò láti Ṣakí wá bá mi, ó jókòó sórí ẹní màámi, ó sunkún títí. Ó rò pé Mùfú ti rí ẹlòmíì. Ó bi mí pé ṣé mo mọ nǹkan kan. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Mo fún un lómi tútù, mo sìn ín dé gáréèjì. Òun ò ṣẹ̀ mí o, mo mọ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dùn mí díẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ mọ́, mo tún fi ẹyọ kan kún un.

Ó wá di Jímọ̀ tó kọjá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni fóònù mi dún. Mùfú ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ojú òun ti là! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sí òkùnkùn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́. Ó ní àdúà ló gbà. Nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ti mẹ́nu bà á pé kọ̀ǹpútà tòun àtijọ́ ti ń gbóná jù, pé òun ti ra òmíràn. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, fáìlì mi ò mọ kọ̀ǹpútà tuntun. Ó ní òun ti tún mú ọjọ́ yìgì. Ó wá ní nígbà tí ẹ̀rù ń ba òun, òun jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé tí ìmọ́lẹ̀ òun bá padà, òun á dá ìmọ́lẹ̀ onímọ́lẹ̀ padà. Ó ní níbi yìgì, níwájú gbogbo àgbà, òun á sọ pé èmi ni, pé Bàámi ni, wọ́n á ká a sí video, òun á fi ránṣẹ́ síbi tí ti àkọ́kọ́ dé. “Àbúrò mi, mo jalè. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sọ ọ́.”

Ṣé ẹ rò pé inú mi dùn? Inú bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbẹ̀rù ló bà á, kì í ṣe ìrònúpìwàdà. Ká ní ojú rẹ̀ ò ṣú, ṣé á rántí mi? Ó sì wá ń rẹ́rìn-ín, ara ti tù ú, oṣù mẹ́rin péré. Ọdún méje ni mo fi jókòó! Mo gbé laptop mi, mo wọ àgọ́ òfì, ọ̀sán gangan, oòrùn wà lórí páànù. Mo ní màá fi kọ̀ǹpútà tuntun náà kún fáìlì mi. Kó má baà fura, mo dá nọ́ńbà padà sí òdo, kí n lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá ṣí Ìlú Ọyẹ́ lórí tèmi, kí n rí i dájú pé ibi gbogbo mọ́lẹ̀.

Kò mọ́lẹ̀.

Apá ọ̀tún mọ́. Apá òsì ṣú. Mo rò pé mi ò tọ́jú fáìlì náà dáadáa, mo padà lọ wò ó, òdo ni. Mo pa laptop, mo tún un tàn, òdo ni. Mo wọ ilé ahunṣọ inú géèmù, èèrún òwú ń fò nínú ìtànṣán bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Bàámi, wọ́n ní báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe rí lónìí. Mo gbọ́ ohùn wọn, mi ò rí wọn. Apá òsì ẹnu ọ̀nà ni mo gbé wọn jókòó sí, èmi ni mo gbé wọn jókòó síbẹ̀, mi ò rí wọn. Àfìgbà tí mo yí orí.

Mo gbé laptop sílẹ̀. Òfì Bàámi ṣì wà níbẹ̀, màámi ò jẹ́ kí wọ́n tú u. Mo jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó, mo tẹjú mọ́ àárín, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ń mi ìka. Ọ̀tún wà níbẹ̀, ó ń mì. Òsì... mo mọ̀ pé ó ń mì torí mo ń gbọ́ ọ lára. Mi ò rí i. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo rántí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Mo rántí ọlọ́kadà. Mi ò mọ̀ látìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, torí fún oṣù mẹ́rin, ìgbàkígbà tí mo bá rí òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, èmi ni mo rò pé mo fi í síbẹ̀. Aṣeni ń ṣe ara ẹ̀, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo rò pé àwọn àgbà kàn ń fi dẹ́rù ba ọmọdé ni.

Mi ò tíì sọ fún màámi. Wọ́n ti tọ́jú afọ́jú kan nílé yìí, báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn? Mùfú ló mọ dókítà náà. Mùfú ló ní òun á wá fi mọ́tò gbé mi. Tí mo bá pè é báyìí, á wá, mo mọ̀ pé á wá, á di ọwọ́ mi mú wọ ilé ìwòsàn, ọwọ́ òsì yẹn gan-an. Ṣé kí n jókòó tì í nínú mọ́tò láti Ìsẹ́yìn dé Ìbàdàn kí n má sọ ohun tí mo fi ojú rẹ̀ ṣe? Tí mo bá sì sọ ọ́, ṣé á ṣì gbé mi lọ? Ṣé á ṣì dìde níbi yìgì kó dárúkọ bàbá mi? Dókítà ní ká tètè wá, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tó ń jẹ lójú èèyàn. Yìgì sì ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Mi ò tíì dárí jì í o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ mo ti pa fáìlì yẹn rẹ́, ó ti lọ, mo búra pẹ̀lú Ọlọ́run. Ẹ̀yin àgbà tó wà lórí page yìí, ẹ̀yin tí ẹbí ti ṣẹ̀ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un lónìí, kí n tọrọ ojú mi lọ́wọ́ rẹ̀, àbí kí n fi ọjọ́ mọ́kànlá yìí jìn, kí n gbọ́ orúkọ Bàámi lẹ́nu rẹ̀ ná?